Bí Oyún Bá Bàjẹ́ Lára Ẹran Ọ̀sìn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ewúrẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ló mọ bó ṣe máa ń rí. Ewúrẹ́ ti lóyún, ikùn rẹ̀ ti yọ, ọmú rẹ̀ ti ń kún, olówó rẹ̀ sì ti ń ro iye ọmọ tí yóò bí. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ojú oṣù rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n bá òkú ọmọ tí kò tíì gbó nílẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ lásán gbé e jù sí ààtàn, tàbí kí wọ́n jù ú fún ajá. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ kejì, wọ́n á ní ẹnì kan ló ń ṣe àwọn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á fa ewúrẹ́ náà lọ sọ́jà, wọ́n á tà á fún ẹni tí kò mọ̀dí.

Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí tí kò léwu. Òkú ọmọ náà, ibi tó tẹ̀lé e àti omi tó dà sílẹ̀ ni kòkòrò àrùn máa ń pọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo ọgbà ẹran. Àwọn kan náà ni ẹ̀rí tí dókítà ẹranko lè fi mọ ohun tó ń ṣe agbo. Ohun tí à ń fi ọwọ́ lásán gbé sọ nù ló yẹ ká bẹ̀rù jù, òun náà ló sì yẹ ká tọ́jú jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọlọ́sìn sọ nìyẹn, ìyókù jẹ́ àlàyé rẹ̀.

Èyí tí kì í ṣe àrùn

Kì í ṣe gbogbo oyún tó wálẹ̀ ló ní kòkòrò nínú. Ewúrẹ́ tí òbúkọ fi ìwo kàn níkùn, àgùntàn tí wọ́n dì mọ́ inú ọkọ̀ lọ́nà jíjìn láìmu omi, màlúù tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ, oyún lè bàjẹ́ lára gbogbo wọn. Oògùn náà wà níbẹ̀. Albendazole tí wọ́n ń tà fún aràn lè ba oyún jẹ́ bó bá ṣì wà ní oṣù àkọ́kọ́. Dexamethasone tí àwọn kan máa ń gún ẹran fún ara wíwú lè mú kí ẹran tí oyún rẹ̀ ti dàgbà bí láìtó oṣù. Ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn fún ẹran tó lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ó lóyún.

Ẹyọ kan nínú agbo ńlá lè jẹ́ èèṣì. Méjì láàárín oṣù kan kì í ṣe èèṣì mọ́. Ẹ kà á sí àrùn tó ń ràn títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ti agbo kékeré tí kò ju ẹran mẹ́wàá lọ, èmi ò ní dúró de ìkejì.

Brucellosis, àrùn tó ń fara pamọ́

Bó bá jẹ́ màlúù ni, brucellosis ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù ń gbé oyún. Àrùn yìí sábà máa ń dúró di oṣù karùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mú oyún wálẹ̀, nígbà tí olówó ẹran ti ná ọ̀pọ̀ owó tán. Ibi ọmọ ni kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i, tí yóò ba ibi náà jẹ́ débi pé ọmọ kò ní rí oúnjẹ àti atẹ́gùn gbà mọ́, á sì kú sínú. Lẹ́yìn tí oyún bá wálẹ̀, ibi lè há sínú ìyá fún ọjọ́ mélòó kan, kí ilé ọmọ rẹ̀ sì wá kẹ̀.

Ibi tí àrùn yìí ti ń tan ọlọ́sìn jẹ gan-an nìyí: màlúù tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń gbé oyún tó tẹ̀lé e dé ojú oṣù. Olówó rẹ̀ á dúpẹ́, á ní wàhálà ti tán. Kò tíì tán. Kòkòrò náà ṣì wà nínú ọmú rẹ̀, á máa bá wàrà jáde, á sì tún tú jáde lọ́pọ̀ yanturu lọ́jọ́ ìbímọ, bí ọmọ tó bí tilẹ̀ ń fò tó ń jẹko. Ẹpọ̀n akọ màlúù lè wú. Orúnkún ẹran mìíràn á wú, omi á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dé gáà Fúlàní ti lè rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹran tó ní i kò ní àmì kankan lára.

Orí ẹran tí kò ní àmì kankan yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ rú àwọn dókítà lójú. Lọ́dún 1887, ní erékùṣù Malta, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Bruce rí kòkòrò kan nínú ọlọ inú àwọn ọmọ ogun tí ibà burúkú kan pa. Ó rí kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti ń wá. Ọdún 1905 ni Themistocles Zammit, dókítà tó jẹ́ ọmọ Malta, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò. Nílùú náà nígbà yẹn, wọ́n máa ń da ewúrẹ́ kiri àdúgbò, wọ́n á sì fún wàrà sínú abọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń fura sí àwọn ewúrẹ́ náà. Ara wọn le, wọ́n ń jẹun, irun wọn ń dán. Zammit bá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn àti nínú wàrà wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joshua Nicholson kó ewúrẹ́ láti Malta lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ mu wàrà wọn lójú ọ̀nà, púpọ̀ nínú wọn sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tó di 1906, wọ́n mú wàrà ewúrẹ́ kúrò nínú oúnjẹ ọmọ ogun ní Malta, ibà náà sì lọ sílẹ̀ láàárín wọn.

Ní Dẹ́ńmáàkì, Bernhard Bang ti rí kòkòrò tó ń ba oyún màlúù jẹ́ lọ́dún 1897, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ro pé ó bá ti Malta tan. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Alice Evans, ló fi hàn ní 1918 pé ìbátan ni kòkòrò méjèèjì, ó sì kìlọ̀ pé wàrà màlúù tí a kò sè lè kó àìsàn ran ènìyàn. Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà kò kà á sí. Obìnrin ni, kò sì ní oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́dún 1922, àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì bá a jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, gbogbo ayé gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn yìí fara gbá, wàrà àìsè ṣì ń wọ inú igbá lọ́jà wa lónìí, tí ẹni tó ń mu ún kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

Nínú agbo, ọ̀nà tó ń gbà ràn kò le. Màlúù máa ń lá ọmọ tuntun àti ibi, kódà bí kì í bá ṣe tirẹ̀. Ó ń jẹ koríko tí omi oyún dà sí, ó ń mu omi inú abọ́ kan náà. Nínú ẹrẹ̀ àti lábẹ́ ibòji, kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn gangan kì í pẹ́ pa á.

Ohun tó burú jù ni títà. Ẹran tí oyún ń bàjẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sọ́jà, kì í ṣe fún pípa, bí kò ṣe fún sísìn. Mo mọ ìdí rẹ̀: owó ilé ìwé wà nílẹ̀, ẹran tí kò bímọ kò pa owó wọlé. Síbẹ̀, ẹni tó tà á ti gbé àrùn sínú agbo ẹlòmíì, owó tó gbà kò sì tó ohun tí ẹni náà yóò pàdánù. Màlúù tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ní brucellosis, ilé ìpẹran tí dókítà ẹranko ń bójú tó ni kó lọ, kó má ṣe padà sínú agbo kankan.

Ibà tí oògùn ibà kò ràn

Ẹni tí brucellosis bá mú lè má mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tilẹ̀ lè tó oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ibà á máa lọ, á máa bọ̀. Á máa làágùn lóru, oríkèé àti ẹ̀yìn á máa ro ó, á máa rù. Ẹpọ̀n ọkùnrin lè wú. Oyún lè bàjẹ́ lára obìnrin. Nílẹ̀ wa, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á lo oògùn rẹ̀. Kò lọ. Wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n á lo ti ìyẹn náà. Á lọ díẹ̀, á tún padà, owó á sì máa ná.

Ó ní ìwòsàn. Oògùn méjì tí dókítà bá so pọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, doxycycline sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó rí i pé ara ti yá, tó wá dáwọ́ dúró, àrùn náà máa ń padà sí i lára. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́sìn, ẹ̀yin alápatà, ẹ̀yin dárandáran, bí ibà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára yín, ẹ sọ fún dókítà ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pé ẹran ni iṣẹ́ yín. Dókítà tí kò bá gbọ́ èyí lè má ronú kan brucellosis rárá.

Ní ti wàrà, ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì. Wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà fún wa, tí àwọn ará Benin ń pè ní wàgàsì, orí iná ni wọ́n ti ń sè é, pẹ̀lú oje ewé bọmubọmu tó ń mú un dì. Èyí tí wọ́n bá sè dáadáa, tí ìdílé sì tún dín tàbí sè lẹ́ẹ̀kejì, kò yẹ kó bani lẹ́rù. Nónò, ìyẹn wàrà kíkan, ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń ṣe é láti inú wàrà tútù tí kò rí iná rí. Kíkan rẹ̀ nìkan kò tó láti pa kòkòrò náà. Kí wàrà hó kí ẹ tó mu ún tàbí kí ẹ tó fi ṣe ohunkóhun, ìyẹn ti tó. Kò gba ju igi ìdáná díẹ̀ lọ.

Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti rí àmì brucellosis nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpẹran. Kò yani lẹ́nu. Alápatà ń fi ọ̀bẹ la ilé ọmọ ẹran tó lóyún, omi inú rẹ̀ á fọ́n sójú, á kan ọgbẹ́ ìka. Ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti aṣọ tí omi kò lè wọ̀ kì í ṣe fáàrí fún wọn.

Ológbò inú abà

Ní ti àgùntàn àti ewúrẹ́, àrùn mìíràn wà tó ń ba oyún jẹ́ gan-an, ọ̀dọ̀ ológbò ló sì ti ń wá. Toxoplasmosis ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa eku jẹ ló máa ń kó o, á sì máa yàgbẹ́ ẹyin kòkòrò náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nínú ilẹ̀ tútù, ẹyin náà lè wà láàyè ju ọdún kan lọ. Bí ológbò bá fi èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo tí a kó pamọ́ fún ẹran ṣe ilé ìgbẹ́, ẹran á jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ.

Bí ó bá ká ẹran náà mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọmọ á yọ́ sínú, olówó á rò pé kò lóyún rárá. Bó bá jẹ́ láàárín oyún, ọmọ kan lè jáde ní gbígbẹ, dúdú, kékeré, kí èkejì tí wọ́n jọ wà nínú jáde ní òkú tútù tàbí láàyè láìlágbára. Bí ẹ bá rí ìbejì tí ọ̀kan gbẹ báyìí, ẹ rántí ológbò.

Àgùntàn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ nítorí toxoplasmosis kì í sábà tún pàdánù oyún nítorí rẹ̀ mọ́, nítorí ara rẹ̀ ti mọ bó ṣe ń bá a jà. Irú àgùntàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa tọ́jú. Èyí tó ní brucellosis ló yẹ kó kúrò nínú agbo. Àwọn méjèèjì já ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀ kan náà, wọn kò sì yàtọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò. Ẹni tó ń tà láìṣe àyẹ̀wò lè máa ta èyí tó dára, kó sì máa tọ́jú èyí tó ń pa agbo rẹ̀.

Ẹ má pa ológbò o. Ológbò tó ti dàgbà kì í sábà yàgbẹ́ ẹyin yìí mọ́, ó sì ń lé eku. Ẹ bo oúnjẹ ẹran, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò bímọ sínú ilé oúnjẹ ẹran. Àrùn yìí máa ń mú ọmọ inú aboyún ènìyàn náà, nítorí náà, kí aboyún má ṣe kó ìgbẹ́ ológbò, kó má sì jẹ ẹran tí kò jinná.

Kata

Àrùn tí àwọn èèyàn ń pè ní kata, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn dókítà ẹranko ń jẹ́ PPR, kì í kó ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ewúrẹ́ wa ní ìpakúpa. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1942. Ikun á máa dà nímú ẹran, ipin á kún ojú rẹ̀, ẹnu á bó, á máa wúkọ́, á máa ṣunú. Èyí tó bá lóyún nínú wọn sábà máa ń pàdánù rẹ̀, yálà ó kú tàbí kò kú. Ó máa ń jà lẹ́yìn ọdún Iléyá àti Kérésì, nígbà tí wọ́n bá kó ẹran tí kò tà padà wálé láti ọjà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà, inú kòkòrò tí wọ́n rí lára ẹran ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 ni wọ́n ti ṣe é. Nàìjíríà 75/1 ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí àrùn náà pa rẹ́ lórí ilẹ̀ ayé, bí wọ́n ṣe pa àrùn rinderpest ti màlúù rẹ́ ní 2011. Ohun tó ti ara ẹran Nàìjíríà jáde, kò yẹ kí ewúrẹ́ Nàìjíríà máa ṣaláìní in.

Aboyún, atẹ́gùn àti òjò

Àwọn àrùn mẹ́ta tó kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré wọn.

Chlamydia ti àgùntàn máa ń mú oyún wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣáájú ojú oṣù. Obìnrin tó lóyún tó bá fọwọ́ kan irú oyún bẹ́ẹ̀ lè pàdánù tirẹ̀, ẹ̀mí òun fúnra rẹ̀ sì lè wà nínú ewu. Nílẹ̀ wa, obìnrin ló ni ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ àgbàlá, òun náà ló sì ń gbẹ̀bí fún un. Ẹ jọ̀wọ́, bí ìyàwó ilé bá lóyún, kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Q fever ní tirẹ̀ lè bá atẹ́gùn rìn. Ibi ọmọ ewúrẹ́ tó ní i lè ní kòkòrò tó tó bílíọ̀nù kan nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Bó bá gbẹ, á di eruku, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ní Netherlands, láàárín 2007 sí 2010, ó ju ẹgbàajì ènìyàn, ìyẹn 4,000, tó kó o, púpọ̀ nínú wọn kò sì fọwọ́ kan ewúrẹ́ rí. Wọ́n kàn ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sin ín ni. Ìjọba ibẹ̀ pa ewúrẹ́ tó lóyún tó ju 50,000 lọ kí wọ́n tó kápá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibà Rift Valley, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní Kenya ní nǹkan bí 1930 sí 1931, nítòsí adágún Naivasha. Ẹ̀fọn ló ń gbé e. Lẹ́yìn òjò ńlá àti àkúnya omi, oyún gbogbo agbo lè wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọmọ àgùntàn tuntun sì kú bẹẹrẹ. Ènìyàn ń kó o lára ẹ̀fọn àti lára ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n pa. Lọ́dún 2025, ó bẹ́ sílẹ̀ ní Senegal àti Mauritania, ó sì pa ènìyàn. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kan náà la jọ wà, àwọn dárandáran kì í sì í dúró lójú kan.

Láàárọ̀ tí ẹ bá bá a nílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lé ajá, adìyẹ àti ọmọdé sẹ́yìn. Kí aboyún kúrò níbẹ̀. Ajá ló máa ń gbé ibi kiri, tí yóò já a sí ẹnu kànga àti ojúde ẹlòmíì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, ọ̀rá méjì tí kò lu, tí ẹ fi okùn so mọ́ ọrùn ọwọ́, yóò ṣe é. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu.

Ẹ mú ìyá ẹran náà lọ sí ibi tó dá wà, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ àti omi tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kó wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, títí ohunkóhun kò fi ní máa dà lójú ara rẹ̀ mọ́. Bí ibi bá há, ẹ má fi agídí fà á jáde. Dókítà ẹranko ni kó ṣe é.

Ẹ pe dókítà kí ẹ tó ri nǹkan mọ́lẹ̀, nítorí nínú òkú ọmọ àti ibi ni yóò ti rí ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín. Kúlà yìí kò gbọdọ̀ tún ru oúnjẹ mọ́ láé. Dókítà á gba ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì lè tún gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wé ti àkọ́kọ́. Fún brucellosis, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Rose Bengal. Wọ́n á po ẹ̀kán omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀kán oògùn aláwọ̀ pupa kan, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin wọ́n ti mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n fura. Kò wọ́n, àyẹ̀wò kejì ló sì máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìlọrin. Dókítà ẹranko ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1924.

Ohun tí dókítà kò bá mú lọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, jìnnà sí kànga àti odò, kí ẹ rì í síbẹ̀. Ẹ sun koríko tó wà lábẹ́ ẹran náà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ da bílíìṣì sí i, kí oòrùn sì ráyè wọlé. Ẹ fọ aṣọ yín lọ́tọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, iye oṣù oyún, ibi tí ẹ ti ra ẹran náà àti òbúkọ tàbí akọ tó gùn ún. Ìwé kékeré yẹn lè wúlò fún dókítà ju ohun gbogbo tí ẹ lè fẹnu sọ.

Kí àrùn tó wọlé

Ẹran tuntun ni ẹnu ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọ agbo. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò fún un, kí ẹ tó dà á mọ́ àwọn yòókù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ti bímọ rí, àti ibi tí àwọn ọmọ náà wà. Láàárín wa, a máa ń gbé abo ewúrẹ́ fún ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ kó bá wa sìn ín, kí a sì jọ máa pín ọmọ rẹ̀. Àṣà tó dára ni, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ìdílé dìde. Kí a kàn máa rántí pé bí ewúrẹ́ ṣe ń lọ láti àgbàlá dé àgbàlá, àrùn lè bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń yá lò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára brucellosis wà fún màlúù. Èyí tí wọ́n ń pè ní S19, ọmọ abo màlúù tó wà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n sábà ń gún un fún. Ẹ má rà á lọ́jà kí ẹ gún un fúnra yín. Kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè: ó lè ba oyún màlúù tó lóyún jẹ́, bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá sì gún yín lọ́wọ́, ó lè mú yín.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ìjọba. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọlọ́sìn tó mọ̀ pé àyẹ̀wò yóò gba màlúù lọ́wọ́ òun lófo kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Á ta màlúù náà lóru. Ibi tí wọ́n ti kápá àrùn yìí, wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n pa ẹran rẹ̀. Láìsí owó yìí, ìpamọ́ làwọn èèyàn yóò máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ọjà ni wọn yóò sì máa gbà sá lọ. Kí iléeṣẹ́ náà fi owó yìí sínú ìṣúná rẹ̀, kí dókítà ẹranko sì wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó lè gbé e dé oko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wá nọ́ńbà dókítà ẹranko tó súnmọ́ yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ẹran. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ páálí kan, kí ẹ gbé e síbẹ̀. Bí oyún bá sì wálẹ̀ lára ẹran yín, ẹ má ta ẹran náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú ọmọ, ẹ pe dókítà.